Láti Ọgbà Wèrè dé Wọ́ọ̀dù Ọmọdé: Ìtàn Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Àwọn Olùtọ́jú Ọkàn Ọmọdé ní Ilé-Ìwòsàn Àrùn Ọpọlọ

Ìfáárà

Bí ọmọ ọdún mẹ́wàá kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìyànsàn, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, bá ṣàdédé dákẹ́, tí kò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré mọ́, tí oúnjẹ kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu, tí ó sì ń bá ohun tí ojú ẹlòmíràn kò rí sọ̀rọ̀ lóru, àwọn òbí rẹ̀ yóò ti ní ìtumọ̀ tiwọn kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Wọ́n lè sọ pé ẹlẹ́gbẹ́ ni, tàbí pé ọwọ́ ayé wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ilé babaláwo tàbí ilé àdúrà ni ẹsẹ̀ yóò kọ́kọ́ yà sí. Bí ó bá wá di ọ̀rọ̀ ilé-ìwòsàn, Òkìtìpupa ni wọn yóò gbé e lọ; bí dókítà ibẹ̀ bá sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà ju ti ibà lọ, ọ̀nà Àkúrẹ́, Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta ni ó kù. Ìrìn-àjò náà jìn, owó ọkọ̀ kò sì kéré. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó le jù lọ dúró dè wọ́n ní òpin ìrìn-àjò náà: ta ni yóò jókòó ti ọmọ yìí ní wọ́ọ̀dù, níbo ni ẹni náà sì ti kọ́ iṣẹ́ rẹ̀?

Ìbéèrè yìí ni iṣẹ́ yìí fẹ́ fi ojú ìtàn wò. Oríṣi òṣìṣẹ́ méjì ni ó yẹ kí a fi ìyàtọ̀ sí láàárín wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Èkínní ni dókítà àrùn ọpọlọ, ẹni tí ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, tí ó sì lè kọ oògùn fún aláìsàn. Èkejì ni onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì ilé-ìwòsàn. Ẹni yìí kì í ṣe dókítà oníṣègùn. Ọ̀rọ̀ sísọ, eré ọmọdé, ìdánwò ọgbọ́n orí àti àtúntò ìhùwàsí ni irinṣẹ́ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, bí irú onímọ̀ bẹ́ẹ̀ bá gba oyè ọ̀mọ̀wé tán, ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò tí ì parí. Ó sábà máa ń lo ọdún kan tàbí méjì sí i ní ilé-ìwòsàn lábẹ́ ojú àwọn àgbà iṣẹ́ kí ó tó dá dúró, pàápàá bí ó bá fẹ́ tọ́jú ọmọdé. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ètò náà kò gba ọ̀nà yìí. Kì í ṣe pé ọgbọ́n tàbí ìfẹ́ iṣẹ́ ni kò sí. Ìdí rẹ̀ wà nínú bí wọ́n ṣe dá àwọn ilé-ìwòsàn náà sílẹ̀, nítorí kò sí èyí tí wọ́n kọ́ nítorí ọmọdé nínú wọn.

Ọdún 1907 ní ibi méjì

Ní oṣù kẹwàá ọdún 1907 ni ìjọba amúnisìn ṣí ọgbà wèrè ti Yábàá, ní Èkó. Ti Calabar ti ṣáájú rẹ̀ ní 1904. Ọ̀rọ̀ náà, ọgbà, bá ohun tí ó wà níbẹ̀ mu gan-an. Àwọn tí ń rìn kiri ìgboro tí wọ́n ń da ìlú láàmú ni ìjọba ń wá ibi tí yóò kó wọn sí. Ìtọ́jú kọ́ ni ó gbawájú, fún ọ̀pọ̀ ọdún ni kò sì fi sí dókítà kan níbẹ̀ tí ó kọ́ṣẹ́ nípa àrùn ọpọlọ. Òfin tí ó dè wọ́n, èyí tí wọ́n ṣe ní 1916, òfin wèrè ni wọ́n ń pè é. Wọ́n tún un kọ ní 1958, ó sì wà nílẹ̀ títí di oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 tí ààrẹ Muhammadu Buhari fi ọwọ́ sí òfin ìlera ọpọlọ tuntun. Ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira ti lé ní ọgọ́ta ọdún kí òfin náà tó kúrò nílẹ̀.

Nínú ọdún 1907 yìí kan náà, ohun mìíràn ń ṣẹlẹ̀ ní ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà. Lightner Witmer, olùkọ́ ní yunifásítì Pennsylvania, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé àtìgbàdégbà kan jáde, inú ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ ni ó sì ti sọ ẹ̀ka ìmọ̀ tuntun náà lórúkọ: sàíkọ́lọ́jì ilé-ìwòsàn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti bẹ̀rẹ̀ ṣáájú orúkọ rẹ̀. Ní oṣù kẹta ọdún 1896 ni olùkọ́ kan, Margaret Maguire, mú ọmọkùnrin ọdún 14 kan wá bá Witmer. Orí ọmọ náà pé, ó sì ń gbọ́ ohun tí wọ́n bá sọ, ṣùgbọ́n kò lè sípẹ́lì ọ̀rọ̀ bó ti wù kí wọ́n kọ́ ọ tó. Olùkọ́ rẹ̀ rò pé bí sàíkọ́lọ́jì bá jẹ́ ìmọ̀ òtítọ́, ó yẹ kí ó lè ṣe nǹkan sí i. Witmer yẹ ojú rẹ̀ wò, ó rí i pé ojú náà ní àbùkù, wọ́n wá awò fún un, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi sùúrù kọ́ ọ ní ìwé kíkà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Bí a bá gbé ibi méjèèjì yìí sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ohun tí ó hàn kì í ṣe pé Amẹ́ríkà dára tí Èkó sì burú. Àwọn ọgbà wèrè Amẹ́ríkà ìgbà náà kún fọ́fọ́, ìyà sì wà nínú wọn. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni ẹni tí ó mú aláìsàn wọlé. Ní Yábàá, ọlọ́pàá àti ilé ẹjọ́ ni wọ́n ń mú un wá. Ní Philadelphia, olùkọ́ ni. Ìmọ̀ tí olùkọ́ bí àti ilé tí ọlọ́pàá bí kò lè ní irú ìdàgbàsókè kan náà.

Lántòrò àti Àrò

Ogun àgbáyé kejì ni ó tún ọ̀rọ̀ náà gbé dìde. Àwọn sójà tí wọ́n lọ jagun fún ọba Gẹ̀ẹ́sì padà wálé, ọkàn àwọn kan nínú wọn sì ti dàrú. Ní 1944 ni wọ́n sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ kan ní Lántòrò, Abẹ́òkúta, di ibi tí wọn yóò kó wọn sí. Ọgbà ẹ̀wọ̀n ni ó ti jẹ́ tẹ́lẹ̀, kò sì nílò àtúnṣe púpọ̀ fún iṣẹ́ tuntun tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́.

Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí ni Thomas Adeoye Lambo gba iṣẹ́ ní ilé-ìwòsàn tuntun ní Àrò, ìta Abẹ́òkúta. Ọmọ Abẹ́òkúta ni Lambo, ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí ní 1923. Ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Birmingham, ó sì kọ́ nípa àrùn ọpọlọ ní ilé-ìwòsàn Maudsley ní Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tí ó ṣe ní Àrò ti di ìtàn tí gbogbo ayé mọ̀. Dípò kí ó ti àwọn aláìsàn mọ́lé, ó fi wọ́n wọ̀ sí ilé àwọn ará abúlé tí ó yí ilé-ìwòsàn ká. Wọ́n ń wá gba ìtọ́jú lójú ọ̀sán, wọ́n sì ń padà sí àárín àwọn ènìyàn ní ìrọ̀lẹ́. Ó kéré tán, ìbátan kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé aláìsàn wá láti máa se oúnjẹ fún un àti láti máa bá a gbé. Lambo kò sì ta àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ nù. Ó pè wọ́n mọ́ra nínú iṣẹ́ náà.

Ètò abúlé yìí ṣe pàtàkì fún ìtàn ìtọ́jú ọmọdé ju bí àwọn tí ó kọ nípa rẹ̀ ṣe máa ń sọ lọ. Òfin pé kí ìbátan bá aláìsàn dé, ohun tí ìtọ́jú ọmọdé kò lè ṣe aláìní ni. Kò sí ẹni tí ó lè tọ́jú ọkàn ọmọ kí ó sì fi ìyá rẹ̀ sẹ́yìn. Síbẹ̀, àgbàlagbà ni Àrò ṣe ètò náà fún. Èrò tí yóò wúlò fún ọmọdé ti wà ní ìta Abẹ́òkúta ní 1954. Ẹni tí yóò gbé e wọ wọ́ọ̀dù ọmọdé ni kò tí ì sí. Orúkọ ibẹ̀ pàápàá wá di èébú láàárín àwọn ọmọ ilé-ìwé. Títí di òní, ẹni tí ó bá ń ṣe ségesège, wọn a ní Àrò ni ó yẹ kí wọ́n gbé e lọ, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Èkó ṣe ń fi “Yaba Left” ṣe yẹ̀yẹ́. Òbí tí ó gbọ́ orúkọ yìí lẹ́nu dókítà kì í yára dìde.

Raymond Prince, dókítà àrùn ọpọlọ láti Kánádà, ṣiṣẹ́ ní Àrò láàárín 1957 sí 1959. Àwọn ọ̀dọ́ tí ń kàwé ni wọ́n wá bá a, tí wọ́n ń ráhùn pé orí ń ta àwọn, pé ó ń gbóná bí ẹni pé iná wà nínú rẹ̀, pé ojú ń ṣú àwọn, pé bí àwọn bá ka ìwé, ohun tí àwọn kà kì í wọlé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ni wọ́n ń pe ohun tí ń ṣe wọ́n ní “brain fag”, èyíinì ni pé àárẹ̀ ti mú ọpọlọ. Orúkọ náà ni Prince fi tẹ àkíyèsí rẹ̀ jáde ní 1960. Ó gbà pé ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ àjèjì, nínú èyí tí ọmọ ń dá jókòó tí ìwé tí ẹrù gbogbo ẹbí sì wà lórí rẹ̀, ni ó ń fa ìṣòro náà. Ní Ifẹ̀, ní àwọn ọdún 1980, Olufemi Morakinyo wo ọ̀rọ̀ náà láti ibòmíràn. Ó tọ́ka sí àìsùn, ìpayà, àti oògùn tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò kí oorun má bàa kùn wọ́n. Orúkọ náà wọ ìwé tí àwọn dókítà Amẹ́ríkà fi ń dá àrùn ọpọlọ mọ̀ ní 1994, kò sì ní àyè tirẹ̀ lọ́tọ̀ mọ́ nínú ẹ̀dà 2013. Ohun tí ó yẹ kí a mú níbẹ̀ ni pé ilé-ìwé ni ó kọ́kọ́ gbé ọ̀dọ́ wá sí iwájú àwọn dókítà Àrò, kò sì sí ètò kankan tí yóò fi ẹni tí ó kọ́ṣẹ́ nípa ọmọdé ránṣẹ́ padà sí ilé-ìwé.

Ibi tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn oyè ọ̀mọ̀wé ti ṣẹ̀

Láti mọ ohun tí ó sọnù ní ilẹ̀ yìí, ó yẹ kí a mọ bí wọ́n ṣe rí i níbòmíràn. Ọ̀rọ̀ náà tún kan ogun. Àwọn sójà Amẹ́ríkà náà padà láti ojú ogun pẹ̀lú ìdààmú ọkàn, wọ́n sì pọ̀ ju iye dókítà tí ó wà lọ. Ìjọba Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó láti 1946 lórí kíkọ́ àwọn onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì. Ní 1949, àwọn olùkọ́ wọn pàdé ní ìlú Boulder, wọ́n sì fẹnu kò pé onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì ilé-ìwòsàn gbọ́dọ̀ jẹ́ oníwàádìí kí ó sì jẹ́ olùtọ́jú, kí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé, kí ó sì lo ọdún kan ní ilé-ìwòsàn kí oyè náà tó pé. Ìdààmú kan náà tí ó sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Lántòrò di ilé wèrè, òun ni ó bí ètò ẹ̀kọ́ ní Amẹ́ríkà. Ilẹ̀ tí ń ṣe àkóso ara rẹ̀ kọ́ ènìyàn. Ilẹ̀ tí ẹlòmíràn ń ṣàkóso gba ilé.

Ti àwọn ọmọdé ní orísun mìíràn. Ní ìpínlẹ̀ Rhode Island, ọmọbìnrin ọlọ́rọ̀ kan, Emma Pendleton Bradley, ní àrùn tí ó mú ọpọlọ wú nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún méje. Ó yè é, ṣùgbọ́n wárápá àti àbùkù ara kò fi í sílẹ̀ mọ́. Àwọn òbí rẹ̀ wá ibi tí wọ́n ti lè tọ́jú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ káàkiri, wọn kò rí. Wọ́n fi ilé àti ilẹ̀ wọn sílẹ̀ nínú ìwé ìhágún pé kí wọ́n sọ ọ́ di ilé-ìwòsàn fún àwọn ọmọ tí ó bá ní irú ìṣòro rẹ̀. Ní 1931 ni ó ṣílẹ̀kùn, ilé-ìwòsàn àrùn ọpọlọ àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tí ó jẹ́ ti ọmọdé nìkan. Ilé-ẹ̀kọ́ wà nínú ọgbà rẹ̀. Ní 1937, dókítà ibẹ̀, Charles Bradley, fún ọmọ 30 ní oògùn Benzedrine, ó sì rí i pé nǹkan bí ìdajì wọn yí padà gidigidi nínú iṣẹ́ ilé-ìwé. Inú kíláàsì ni ìyàtọ̀ náà ti kọ́kọ́ hàn, kì í ṣe lórí bẹ́ẹ̀dì.

Ní irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn oyè ọ̀mọ̀wé ti wá gbilẹ̀. Ilé-ìwòsàn Bradley di alájọṣepọ̀ yunifásítì Brown, ó sì ń gba àwọn ọ̀mọ̀wé tuntun tí wọ́n fẹ́ di olùtọ́jú ọmọdé. Nígbà tí àwọn olùkọ́ iṣẹ́ náà pàdé ní Hilton Head ní 1985, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn tí yóò tọ́jú ọmọdé nìkan ni wọ́n jókòó lé lórí, nítorí pé ó ti hàn pé ẹni tí ó mọ àgbàlagbà tọ́jú kò fi dandan mọ ọmọ tọ́jú. Ọmọdé kì í wá fúnra rẹ̀. Ẹlòmíràn ni ó ń mú un wá. Kì í sì í sọ pé ìbànújẹ́ ń bá òun. Inú ni yóò ní ó ń run òun, tàbí kí ó máa lu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ohun tí ọ̀mọ̀wé náà ń ṣe ní wọ́ọ̀dù kò fara jọ ẹ̀kọ́ inú gbọ̀ngàn. Òun ni yóò gbọ́ ìtàn ọmọ lẹ́nu ìyá, baba àti olùkọ́, tí yóò sì rí i pé ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dọ́gba. Yóò ṣe ìdánwò fún ọmọ, yóò bá a ṣeré, yóò wò ó nígbà oúnjẹ àti nígbà oorun. Ní òwúrọ̀ ni dókítà, nọ́ọ̀sì, olùkọ́ wọ́ọ̀dù àti òṣìṣẹ́ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ẹbí yóò jókòó, tí kálukú yóò sọ ohun tí ó rí. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ó kéré tán, yóò gbé iṣẹ́ rẹ̀ síwájú àgbà kan, àgbà náà yóò sì bi í ní ìdí tí ó fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Níbẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà wà jù lọ. Ọmọ kan lè wà lórí bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀sẹ̀ méjì péré. Bí ẹni tí ó ń tọ́jú rẹ̀ bá ṣi ohun tí ó rí túmọ̀, ọmọ náà yóò ti padà sílé kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Ìbàdàn

Ní 1963 ni Lambo di ọ̀jọ̀gbọ́n nípa àrùn ọpọlọ ní yunifásítì Ìbàdàn, ẹ̀ka náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn dókítà. Ẹ̀ka sàíkọ́lọ́jì yunifásítì kan náà dé ní 1976, ṣùgbọ́n lábẹ́ ìmọ̀ nípa àwùjọ ni, kì í ṣe ní ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ìpínyà yìí kò dà bí nǹkan ńlá lójú, síbẹ̀ àbájáde rẹ̀ pọ̀. Dókítà ń kọ́ṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù; onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì ń kọ́ tirẹ̀ ní kíláàsì, ó sì ń wá sí wọ́ọ̀dù gẹ́gẹ́ bí àlejò fún oṣù díẹ̀. Ní Nàìjíríà, oyè másítà ni ẹnu ọ̀nà iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó bá gba oyè ọ̀mọ̀wé, ó sábà máa ń di olùkọ́ yunifásítì. Oyè tí ó ń mú ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà wọ inú wọ́ọ̀dù ni ó ń mú tirẹ̀ jáde kúrò nínú rẹ̀.

Ẹni tí ó ṣe jù láti yí èyí padà fún àwọn ọmọdé ni Olayinka Omigbodun, ọ̀jọ̀gbọ́n nípa àrùn ọpọlọ ọmọdé ní Ìbàdàn. Láti 2010 dé 2014 ni ó fi jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn olùtọ́jú ọpọlọ ọmọdé, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1937. Ní 2011, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ owó àjọ MacArthur ti Amẹ́ríkà, yunifásítì Ìbàdàn dá ibùdó ìlera ọpọlọ ọmọdé àti ọ̀dọ́ sílẹ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2013 ni ẹ̀kọ́ másítà ibẹ̀, olóṣù 18, gbéra. Kì í ṣe dókítà nìkan ni ó wà fún. Nọ́ọ̀sì, onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì àti àwọn mìíràn tí iṣẹ́ wọn kan ọmọdé ń jókòó pọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ti wá láti orílẹ̀-èdè Áfíríkà mìíràn. Ní 2020, Omigbodun di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ olórí ilé-ẹ̀kọ́ ìṣègùn yunifásítì náà.

Ètò Ìbàdàn kì í ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn oyè ọ̀mọ̀wé. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ìyẹn bú u, ó ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ní ilẹ̀ tí olùtọ́jú ọmọdé ti ṣọ̀wọ́n, kí nọ́ọ̀sì kan kọ́ ọ kí ó sì padà sí ìlú rẹ̀ wúlò ju kí ọ̀mọ̀wé kan ṣoṣo lo ọdún méjì sí i ní Ìbàdàn lọ. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí másítà kò lè rọ́pò: ọdún gígùn lábẹ́ ojú àgbà kan ní wọ́ọ̀dù kan náà. Ilé-ìwòsàn Yábàá ti ní ibùdó ọmọdé àti ọ̀dọ́ ní ẹ̀ka rẹ̀ ní Òṣòdì, Àrò náà sì ní ẹ̀ka tirẹ̀ fún wọn. Ilé ti wà; àgbà tí yóò dúró níbẹ̀ láti kọ́ ọ̀mọ̀wé tuntun ni ètò kò tí ì dè mọ́ ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èdè

Ohun kan tún wà tí ilé-ìwòsàn Rhode Island kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni. Láti 1970 ni Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ ti fi iṣẹ́ ọlọ́dún mẹ́fà wọn hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kì í rẹ̀yìn sí ọmọ tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ìdánwò ọgbọ́n orí náà kò yàtọ̀. Ọmọ tí a bá fi èdè tí kò gbọ́ dáadáa dán wò, èdè ni a dán wò, kì í ṣe orí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Yorùbá wo? Ẹ̀ka-èdè Ìkálẹ̀ wà lára ẹgbẹ́ gúúsù ìlà-oòrùn, pẹ̀lú Oǹdó, Ìlàjẹ àti Ọ̀wọ̀, níbi tí ọ̀rọ̀ ti lè fi fáwẹ́lì “u” bẹ̀rẹ̀, ohun tí Yorùbá àjùmọ̀lò kò gbà. “Ulé” ni ọmọ Ìyànsàn ń pe ilé. Bí ẹni tí ń dán an wò bá jẹ́ ará Ìbàdàn tí kò gbọ́ èyí rí, ó lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọ náà kò mọ ọ̀rọ̀ pè. Láti orí irú àṣìṣe kékeré bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti lè sọ pé ọpọlọ ọmọ kò jí. Ìyá rẹ̀ tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan kò ní mọ ohun tí wọ́n kọ.

Yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn ti Ìpínlẹ̀ Oǹdó, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Oǹdó ní 2015, sún mọ́ ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ju Ìbàdàn lọ, ẹ̀ka-èdè ìlú náà sì bá ti Ìkálẹ̀ tan. Bí wọ́n bá kọ́ olùtọ́jú ọmọdé níbẹ̀, ẹni tí ó gbọ́ “ulé” ni yóò máa gbọ́ ẹjọ́ ọmọ. Kí ìyẹn tó rí bẹ́ẹ̀, ìwé tí olùkọ́ bá fi lé òbí lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá ń gbé ọmọ lọ ni ó lè di àlàfo náà. Àwọn ohun tí wọ́n máa ń béèrè ní wọ́ọ̀dù kò pọ̀: ọjọ́ tí olùkọ́ kọ́kọ́ rí ìyípadà náà; bí ọmọ ṣe rí ní sáà tí ó ṣáájú; bóyá ó ti ṣubú tí ara rẹ̀ sì gbọ̀n rí; bóyá ó ń sùn ní kíláàsì; ẹni tí ó ń bá gbé nílé; àti àwọn ọ̀rọ̀ tí ó sọ nígbà tí ó ń bá ohun tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀, bí ó ṣe sọ wọ́n ní Ìkálẹ̀ gan-an, láì yí wọn padà sí Yorùbá inú ìwé.